Ẹ̀ẹ̀kan Péré Sí I: Bí A Ṣe Ń Gun Síkéètì Láì Fara Pa

Aṣọ ẹbí mẹ́rìnlá ló wà lórí tábìlì mi lọ́jọ́ tí ọwọ́ ọ̀tún mi ṣẹ́. Mẹ́sàn-án jẹ́ léèsì, ìyókù àǹkárá, ìgbéyàwó sì ku ọjọ́ méjìlá. Télọ̀ ni mí, ní Fẹ́sìtáàkì l'Ékòó, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo sì máa ń gun síkéètì, pákó olóríṣi táyà mẹ́rin tí a ń dúró lé lórí, tí a tún ń pè ní bọ́ọ̀dù. Àwọn oníbàárà mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo wọn mọ̀.

Kì í ṣe eré ńlá kan ni mo ń ṣe. N kò fò, n kò gun ibi gíga. Mo ti ṣe tán, ó ti rẹ̀ mí, iná ti lọ, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àdúgbò ló ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, ẹ jẹ́ kí n ká a sí fóònù." Ẹ̀ẹ̀kan péré yẹn náà ni. Òkúta kan tí kò tóbi ju hóró ẹ̀gúsí lọ há sábẹ́ táyà iwájú. Bọ́ọ̀dù dúró gbọin, èmi ò dúró. Mo na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí ẹni tó fẹ́ bọ àlejò lọ́wọ́, gbogbo ìwúwo ara mi sì já lé àtẹ́lẹwọ́.

Eegun kékeré kan wà ní ọrùn ọwọ́, lápá ìdí àtàǹpàkò. Òun ló ṣẹ́. Oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbé P.O.P. kiri, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì gé léèsì. Mo dá owó àwọn kan padà, mo bẹ àwọn kan, àwọn kan ṣì ń bínú títí di òní. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí yìí, mo ti san owó ilé-ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ní, tòkunbọ̀ ni. Ọjà Kàtángúà ni mo ti rà á, láàárín òkìtì bàtà àti báàgì, nígbà tí mo lọ wá síìpù àti bọ́tìnì. Kò sóhun tó burú nínú bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ bí ojú ẹni bá là. Pákó gidi, ìpele méje ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, igi maple ló sì sábà máa ń jẹ́. Dojú rẹ̀ dé, kí o wo ibi tí wọ́n ti fi ìdè so irin mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni pákó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í là, tín-ín-rín bí irun orí. Fi ìka kàn án. Èyí tó yè á dún ko-ko-ko. Èyí tó ti là nínú á dún pò-pò bí igbá tó ti sán. Wo ìrù rẹ̀ pẹ̀lú: bí ilẹ̀ bá ti jẹ ẹ́ títí tó fi mú bí abẹ, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Àwọn bọ́ọ̀dù aláràbarà tí wọ́n ń tà pẹ̀lú bèbí àti bọ́ọ̀lù, tí irin ìdí wọn kì í ṣe irin bí kò ṣe ike, má rà wọ́n fún ọmọ rẹ. Táyà wọn kì í yí dáadáa, wọ́n sì máa ń dúró lójijì. Ìdúró òjijì ló ń ṣẹ́ni léegun, kì í ṣe eré.

Irin tó di táyà mú ni àwa ń pè ní trọ́ọ̀kì. Sípánà mẹ́ta péré ló ń bá bọ́ọ̀dù lò: íǹṣì 9/16 fún nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín trọ́ọ̀kì, 1/2 fún nọ́ọ̀tì táyà, 3/8 fún àwọn ìdè kéékèèké tó wọ inú pákó. Kí o tó gun ún, gbogbo ìgbà, fi ọwọ́ mi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó mì díẹ̀, àmọ́ kó má fẹ́ yọ. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tí táyà rẹ̀ yọ lórí eré, táyà ń lọ sí apá kan, òun ń lọ sí apá kejì. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín yẹn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, kó fún un le díẹ̀. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ ò ní yà bó ṣe fẹ́, àmọ́ kò ní máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà ṣe pàtàkì fún àwa ará Èkó ju fún ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Táyà kékeré líle, mílímítà 52 sí 54, tí wọ́n kọ 99A sí lára, ilẹ̀ kọnkéré dídán ni wọ́n ṣe é fún. Lórí ọ̀dà tiwa, gbogbo yangí ló lè dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ máa gun títì, kó wá táyà ńlá rírọ̀, bíi mílímítà 58 sí 60, tí wọ́n kọ 78A sí lára. Bí nọ́ńbà tó ṣáájú A bá ṣe kéré sí ni táyà ṣe ń rọ̀ sí. Irú táyà yẹn á gun òkúta kékeré kọjá lọ. Ká ní òun ló wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù mi lọ́jọ́sí ni, bóyá aṣọ mẹ́rìnlá yẹn ì bá jáde. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé táyà ńlá lè kan pákó nígbà tí o bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì há gádígádí. Fi rọ́bà pẹlẹbẹ sáàárín trọ́ọ̀kì àti pákó kó lè gbé e sókè díẹ̀.

Nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́árìnì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eruku ọyẹ́ a máa wọ inú wọn, a sì máa há wọn. Mo máa ń yọ wọ́n jáde, mo máa ń fi sípírítì fọ̀ wọ́n, mo máa ń sá wọn gbẹ, lẹ́yìn náà ni mo máa ń kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí wọn, ẹ̀kán méjì péré. Epo tí mo ń fi sí ẹ̀rọ mi lójoojúmọ́ náà ni, kò sí èyí tó dára jù ú lọ. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀.

Ó wá kan orí. Yorùbá a máa bọ orí. Ẹni tó bá ń gun síkéètì, kó bo orí pẹ̀lú. Àwọn ọmọ kan wá bá mi pẹ̀lú hẹ́límẹ́ẹ̀tì ọlọ́kadà bàbá wọn. Ó wúwo jù fún ọrùn ọmọdé, ó sì dí etí àti ẹ̀gbẹ́ ojú, kò ní gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kan gbé ti àwọn bíríkìlà wá. Ìyẹn, nǹkan tó lè já bọ́ láti òkè ni wọ́n ṣe é fún. Bí o bá ṣubú, á ti fò lọ kí orí rẹ tó dé ilẹ̀. Èyí tó yẹ ni ti àwọn tó ń gun síkéètì tàbí ti oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀. Yẹ inú rẹ̀ wò, wàá rí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: EN 1078 bó bá wá láti Yúróòpù, CPSC bó bá wá láti Amẹ́ríkà. Bí kò bá sí bébà yẹn níbẹ̀, fìlà lásán lo fẹ́ rà.

Bí a ṣe ń dé e: kó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí, kó má tẹ̀ sẹ́yìn bí gèlè ọlọ́jọ́ ìbí. Ìka méjì ni kó wà láàárín rẹ̀ àti irun òkè ojú. Okùn rẹ̀ yóò pàdé lábẹ́ etí, èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n yóò fún tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kan tàbí méjì péré á fi lè wọ abẹ́ rẹ̀. Gbọn orí. Bí ó bá mì, kò bá ọ mu.

Mo ti ní kò sóhun tó burú nínú bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ ni mi ò gbà. Fóòmù inú rẹ̀ ló ń gba ìkọlù, bó bá ti gba ọ̀kan tó le, ó ti rún, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ń dán. Ìwọ ò mọ orí ẹni tó ti bá a ṣubú. Ìdí yẹn náà ni kí o fi jù ú nù bí tìrẹ bá ti kọ lu ilẹ̀ gidigidi lẹ́ẹ̀kan.

Bí ọmọ rẹ bá ń sọ pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ kí òun rẹwà, sọ ìtàn Sky Brown fún un. Ọmọdébìnrin tó ń gun síkéètì fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Lọ́dún 2020, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ó já bọ́ láti orí ráàmpù, ìyẹn ibi tí wọ́n mọ dagun fún eré yìí, ní Kalifọ́níà. Agbárí rẹ̀ sán, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣẹ́. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi síkéètì kún eré Òlíḿpíìkì ní Tókíò, ó gba àmì ẹ̀yẹ idẹ, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni.

Pádì orúnkún ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi rẹ́rìn-ín. Mo fi fóòmù àti aṣọ jíǹsì rán pádì fún ara mi. Mo fi àǹkárá ṣe etí rẹ̀. Ó lẹ́wà gan-an. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi í ṣubú, aṣọ di ọ̀dà mú, orúnkún mi dúró, ìyókù ara mi ń lọ, mo sì fi àgbọ̀n kan ilẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ike líle tó máa ń wà níwájú pádì gidi, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń jẹ́ kí orúnkún yọ̀ lórí ilẹ̀ kí ó má baà dúró lójijì. Iṣẹ́ kan náà ni ike abẹ́ ìbọ̀wọ́ tó ń dáàbò bo ọrùn ọwọ́ ń ṣe. Bí owó rẹ kò bá tó ra gbogbo rẹ̀, ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀wọ́ yẹn ṣáájú, pàápàá bí ọwọ́ rẹ lo fi ń jẹun: télọ̀, onídìrí, mẹkáníìkì, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Èmi ò ní in lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí. Mo ní nígbà tí ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó bá bi mí pé kí lòun máa mú bọ̀, màá sọ fún un. Ó bi mí, mo ní kó mú bàtà bọ̀.

Bàtà: kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Kì í ṣe sílípáàsì, kì í ṣe bàtà eré ìje tí ìdí rẹ̀ ga. Ki okùn bàtà bọ inú. Etí ṣòkòtò tó bá fẹ̀ jù, gbé e wá fún mi.

Ibi tí a ti ń gun ún tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ Fẹ́sìtáàkì fún àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC '77, wọ́n la ọ̀nà tó fẹ̀, wọ́n sì fi àwọn kílóòsì sínú àdúgbò tí mọ́tò kì í kọjá já. Kílóòsì ni mo fẹ́ràn. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án, kí àwọn èèyàn tó gbé mọ́tò jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà yẹn ni ilẹ̀ máa ń jẹ́ tiwa. Ìgbálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé jáde, kì í ṣe bọ́ọ̀dù. Mo máa ń rin ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo máa ń gbá yangí, ìdérí ìgò àti iyanrìn tí òjò gbé wá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn máígádì rò pé ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́. Iyanrìn tútù lórí ọ̀dà burú ju òkúta lọ, torí kò hàn. Bí ilẹ̀ bá tutù, ẹ padà sílé: táyà á yọ̀, omi á wọ bẹ́árìnì, pákó á sì mu omi. Íńtálọ́ọ̀kì tí àyè wà láàárín rẹ̀, kò dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Gọ́tà tí kò ní ìdérí, fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà sí i. Bí bọ́ọ̀dù bá sá kúrò lábẹ́ rẹ, tó sì ń lọ sójú títì, jẹ́ kó máa lọ. Mọ́tò tó bá gùn ún kọjá, pákó lásán ló rún. Ẹ má di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tàbí dánfó mú kó máa wọ́ yín lọ. Mi ò ní àlàyé lórí ìyẹn. Kí o sì yọ nǹkan tí o fi ń gbọ́ orin kúrò létí.

Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn kì í ronú kàn: bọ́ọ̀dù rẹ lè ṣe ẹlòmíràn léṣe. Tèmi sá lọ́jọ́ kan, ó yí gbiri títí dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà, ó sì dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí agbada epo tó ń hó. Màmá náà wo bọ́ọ̀dù, ó wò mí, ó ní, "Ṣé o fẹ́ sun ayé ni?" Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń dáná kì í ṣe ibi ìdárayá mi mọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ, bọ́ọ̀dù kò sí níbẹ̀. Mo máa ń tẹ́ fóòmù ibùsùn àtijọ́ sórí koríko, a ó sì máa ṣubú. Ìyá ọmọ kan kọjá, ó ní, "Télọ̀, ṣé ohun tí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ mi nìyí, ìṣubú?" Mo ní, "Ẹ má bínú mà, òun gan-an ni."

Bí o bá ti mọ̀ pé ó fẹ́ gbé ọ ṣubú, má nàró. Lóṣòó. Ẹni tó ti wà nísàlẹ̀ kò ní ibi tó jìnnà tí yóò já bọ́ sí. Ọwọ́ kì í nà gbọọrọ bí òpó. Ká ìgúnpá, jẹ́ kí apá, èjìká àti ẹran ìdí pín ìwúwo náà láàárín ara wọn, kí o sì yí bí ọmọdé tó ń yí lórí ẹní. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn lo ń lọ, fi àgbọ̀n kan àyà, ká ẹ̀yìn rẹ, fi ẹran ìdí ẹ̀gbẹ́ kan jókòó, kí o yí lọ. Má fi ọwọ́ wá ilẹ̀ lẹ́yìn. Àgbọ̀n tó kan àyà yẹn ni kì í jẹ́ kí ìpàkọ́ gbá ilẹ̀. A ń ṣe é lápá òsì, lápá ọ̀tún, síwájú, sẹ́yìn, títí tí ara á fi mọ̀ ọ́n láì bi orí léèrè. Àwọn ọmọdé tètè ń mọ̀ ọ́n. Àwa àgbà ni ìtìjú ń dá dúró.

Nígbà mìíràn, ìṣubú gan-an kò pọn dandan. Bí eré bá kéré, fò sílẹ̀ kí o sáré díẹ̀ síwájú. Òfin mi nìyí: má gun bọ́ọ̀dù kọjá eré tí ẹsẹ̀ rẹ lè sá. Bí o bá ti rí i pé o ò lè sáré jáde kúrò lórí rẹ̀, o ti kọjá àyè rẹ.

Lẹ́yìn fóòmù, a ó gbé bọ́ọ̀dù sórí koríko tí kì í yí, kí ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ òsì níwájú tàbí ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú, dán méjèèjì wò, èyí tó bá rọ ara lọ́rùn ni tìrẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń fi ìwúwo sí ẹ̀yìn nítorí ìbẹ̀rù, bọ́ọ̀dù á sì fò jáde síwájú bí ọṣẹ lábẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n á fi ìdí jókòó. Orí ẹsẹ̀ iwájú ni kí ìwúwo wà. Ká orúnkún díẹ̀. Kí o tó kọ́ bí a ṣe ń sáré, kọ́ bí a ṣe ń dúró: sọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kalẹ̀, jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ fi ara ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójijì. Mo máa ń fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì aṣọ náà ni, ọmọ gbọ́dọ̀ dúró kó tó dé ìlà ní ìgbà mẹ́wàá kí n tó jẹ́ kó lọ sí ibi tó dagun díẹ̀. Lórí ibi tó dagun, bí bọ́ọ̀dù bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n yìbìyìbì, ẹ má le ara gan-an. Ẹ rọ̀ sílẹ̀, ẹ tẹ ẹsẹ̀ iwájú, ẹ má fi ìbẹ̀rù sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Fún ìwọ òbí: ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún má gun síkéètì rárá, àti pé àwọn tó wà láàárín ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá nílò àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo sọ, kì í ṣe lórí bákónì pẹ̀lú fóònù.

Fífò, tí wọ́n ń pè ní ollie, n kò ní fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣe é. Ọrùn ẹsẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ibi tí ìdè wà, ní ìgbà kan náà. Bí bọ́ọ̀dù bá fi ẹ̀gbẹ́ dúró lójú òfuurufú, ta á nù, kí o bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ kan lórí bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń rọ́.

Mo gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Àkírà ní Gánà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn láti lọ wo Freedom Skatepark, pápá tí wọ́n kọ́ fún síkéètì, tí wọ́n ṣí lóṣù Kejìlá ọdún 2021. Kọnkéré ibẹ̀ dán bí àwo. Mo rò pé n ó fò wọ inú kòtò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ló gbà mí nímọ̀ràn: "Ibi tó kéré jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bọ̀ọ̀dá." Mo gbọ́ràn. Ohun tó le nínú wíwọ ráàmpù láti òkè ni pé ẹ̀rù á máa fà ọ́ sẹ́yìn, sẹ́yìn yẹn gan-an ló sì léwu, torí bọ́ọ̀dù á lọ, ìpàkọ́ rẹ á ṣẹ́kù sórí kọnkéré. Tẹ ẹsẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀ pátápátá, kí èjìká rẹ tẹ̀ lé e. Bí ọkàn rẹ bá ṣì pín sí méjì, sọ̀ kalẹ̀, fi ẹsẹ̀ rìn. Kí o sì wo bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe ń gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn méjì tó wọ inú kòtò kan náà nígbà kan náà, orí ló máa ń pàdé orí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré sí i wá kù. Mo ti ronú nípa gbogbo ìgbà tí mo ti fara pa, títí kan àwọn tí kò tó nǹkan. Ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ ìparí ọjọ́, nígbà tí itan ti ń gbọ̀n, tí ojú kò ríran dáadáa mọ́, tí ẹnì kan sì gbé fóònù sókè. Ní báyìí, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni mo ń lò, ààbọ̀ wákàtí fún àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà omi, lẹ́yìn náà ó di ìgbà mìíràn. Bí ẹnì kan bá ti sọ gbólóhùn yẹn jáde lẹ́nu, eré ti parí nìyẹn. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan bá ṣèèṣì sọ ọ́, àwọn ìyókù á pariwo lé e lórí torí ó ti ba ọjọ́ jẹ́ fún gbogbo wọn.

Bó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Bíbó ara, fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí iyanrìn á fi kúrò, bí ó tilẹ̀ ń ta, kí o sì bò ó. Kì í ṣe epo mọ́tò, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Bí o kò bá rántí ìgbà tí o gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn, lọ béèrè. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, jókòó, gbé e sókè lórí ìrọ̀rí, di yìnyín sínú aṣọ kí o fi lé e fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan. Màmá mi á ti gbé bámù gbígbóná jáde láti fi wọ́ ọ. Ẹ ní sùúrù, mà. Kì í ṣe láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Bí o kò bá lè fi ẹsẹ̀ yẹn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó nílò ẹ̀rọ X-ray.

Ọrùn ọwọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí. Na àtàǹpàkò rẹ sókè, wàá rí kòtò kékeré ní ìdí rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ń dunni nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìṣubú, eegun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni kí a fura sí, bí ọwọ́ kò tilẹ̀ wú púpọ̀. X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má fi hàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún mi: wọ́n yà á, wọ́n ní kò sí nǹkan, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo rán blouse méjì pẹ̀lú omijé. Ọjọ́ kọkànlá ni mo lọ sí ibòmíràn, wọ́n tún un yà, ó hàn kedere. Bí ó bá ń dùn ọ́ síbẹ̀, padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kí o sì jẹ́ kí wọ́n dì í títí dìgbà náà. Ilé ìwòsàn eegun ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìgbòbí fún ẹni tó wà l'Ékòó.

Àwọn ará ilé ní kí n lọ bá teguntegun. Mo mọ àwọn tí ọwọ́ wọn dára nínú iṣẹ́ náà, mi ò bú wọn. Àmọ́ ohun yòówù tí wọ́n bá fi dì ọ́, kí o máa wo ìka rẹ. Bí ìka bá tutù, tó dúdú, tí kò gbọ́ ara rẹ̀ mọ́, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i dípò kó dín, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ráyè kọjá, ó lè mú kí wọ́n gé ọwọ́.

Bí orí bá gbá ilẹ̀, eré ọjọ́ náà ti parí, kódà kí onítọ̀hún máa rẹ́rìn-ín. Má jẹ́ kó dá gun ọ̀kadà lọ sílé. Kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá ń bì léraléra, tí orí ń fọ́ ọ sí i, tó ń sùn lọ tí kò ṣeé jí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ, tàbí tí omi ń jáde létí tàbí nímú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ọrùn bá ń dùn ún tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kò gbọ́ràn, ẹ má gbé e dìde. Bí kò bá sí èyí nínú wọn, ó ṣì gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ kan sí méjì, kó má sì padà sórí bọ́ọ̀dù títí dókítà á fi ní ó ti tó.

Nígbà tí wọ́n tú P.O.P. mi, ọwọ́ náà tín-ín-rín bí ti ọmọdé. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ni wọ́n ní kí n máa fún. Ó pé oṣù mẹ́rin kí n tó tún gun síkéètì, koríko ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú fóòmù, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyàwó tó ni aṣọ ẹbí yẹn kọjá lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ń gbá títì, ó sọ fèrèsé mọ́tò kalẹ̀, ó wo ìbọ̀wọ́ tuntun tó wà lọ́wọ́ mi. "Télọ̀," ló wí, "a fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n gbé aṣọ wá, àbí kí n kọ́kọ́ gbàdúrà?"